Àjàkálẹ̀ àrùn gágá: ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Nígbàkigbà tí ìròyìn bá gbé e pé gágá tuntun ti yọjú níbì kan, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Mo kó wọn jọ síbí. Ẹ máa fi ohun kan sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á: fáírọ́ọ̀sì gágá lè yí ayé ká láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kì í sábà jáde kí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà tó pé. Àárín méjèèjì yẹn ni ẹ̀mí ti ń ṣòfò jù, ibẹ̀ náà sì ni ìmúrasílẹ̀ ti ń wúlò jù.

Ṣé gágá kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán ni?

Rárá o. Ọ̀fìnkìn á jẹ́ kí imú máa ṣomi, kí èèyàn máa sín, síbẹ̀ á ṣì lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Gágá kì í rọra wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jí láàárọ̀ tí ara rẹ̀ le koko lè ti máa gbọ̀n rìrì kí oòrùn tó wọ̀. Ibà á dé, orí á máa fọ́ ọ, gbogbo oríkèé á máa ro ó, ikọ́ gbígbẹ á mú un, àárẹ̀ ò sì ní jẹ́ kó lè dìde lórí ibùsùn. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ara ló máa ń hàn, ọjọ́ méjì ló sì wọ́pọ̀ jù. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó ti kó o lè ti máa kó o ran ẹlòmíì láti ọjọ́ kan ṣáájú kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé ara òun ò yá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èèyàn tó tó 290,000 sí 650,000 ni gágá ń pa lọ́dọọdún, lọ́dún tí kò tiẹ̀ sí àjàkálẹ̀ kankan. Iye yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá gbọ́ tẹ́nì kan sọ pé "gágá lásán ni".

Kí ló wá ń sọ gágá ọdọọdún di àjàkálẹ̀ tó kárí ayé?

Oríṣi mẹ́rin ni fáírọ́ọ̀sì gágá: A, B, C àti D. A nìkan ló tíì fa àjàkálẹ̀ kárí ayé rí, torí òun ló ń ti ara ẹranko kan bọ́ sí òmíì. Ara àwọn ẹyẹ omi, bíi pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́, ni ilé rẹ̀ gan-an. Ó lè wà nínú ìfun wọn kó má sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Nǹkan méjì ló yọ ṣóńṣó-ṣóńṣó lára fáírọ́ọ̀sì náà, ọ̀kan ń jẹ́ H, èkejì ń jẹ́ N. H ló fi ń di sẹ́ẹ̀lì ọ̀fun àti ti ẹ̀dọ̀fóró mú kó lè ráyè wọlé. N ló fi ń já ara rẹ̀ gbà nígbà tó bá ti pọ̀ sí i tán, tó fẹ́ jáde lọ síbòmíì. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ H1N1, H3N2, H5N1. Ara èèyàn kì í gbàgbé H tó bá ti bá jà rí. Lọ́dọọdún, H yìí á yí pa dà díẹ̀, bí ẹni tó pààrọ̀ fìlà: ara á ṣì dá a mọ̀ dé àyè kan.

Ti àjàkálẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fìlà. Apá mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àbùdá fáírọ́ọ̀sì yìí, ìyẹn ìtọ́ni tó fi ń ṣe irú ara rẹ̀, pín sí. Bí gágá ẹyẹ àti gágá èèyàn bá pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, nínú ara ẹlẹ́dẹ̀ fún àpẹẹrẹ, wọ́n lè pààrọ̀ àwọn apá náà láàárín ara wọn. Èyí tó bá jáde níbẹ̀ lè gbé H tí ara ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn ò tíì rí rí. Bó bá sì tún lè ràn látọ̀dọ̀ èèyàn sí èèyàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àjàkálẹ̀ ti dé nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mélòó ló ti ṣẹlẹ̀?

Láti 1918, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ti 1918, tí H1N1 fà, ló burú jù: ó mú nǹkan bí 500 mílíọ̀nù èèyàn, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta aráyé nígbà náà, iye tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ó pa kò dín sí 50 mílíọ̀nù. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 20 sí 40 ló kú lákùúpọ̀, àwọn tó yẹ kó sin òbí wọn tó sì yẹ kó tọ́mọ. Ti 1957 (H2N2) àti ti 1968 (H3N2) pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn níkọ̀ọ̀kan. Ti 2009 ni H1N1 míì. Ìṣirò sọ pé ó pa èèyàn tó tó 151,700 sí 575,400 lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò sì tíì pé ẹni ọdún 65. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló bọ́ nínú rẹ̀ torí pé wọ́n ti pàdé mọ̀lẹ́bí fáírọ́ọ̀sì náà nígbà ọmọdé wọn.

Ọdún 39 ló wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti èkejì, lẹ́yìn náà 11, lẹ́yìn náà 41. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ ọdún tí òmíì máa dé, ẹ má gbà á gbọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe ti 1918 ní gágá ilẹ̀ Sípéènì?

Ogun Àgbáyé Kìíní ló fà á. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń jagun ò jẹ́ kí ìwé ìròyìn wọn sọ pé àìsàn ń pa àwọn ọmọ ogun wọn. Sípéènì ò sí nínú ogun náà, ni ìwé ìròyìn wọn bá sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan àìsàn ọba wọn, Alfonso Kẹtàlá. Orúkọ orílẹ̀-èdè tó sọ òótọ́ ni wọ́n wá fi pe àrùn náà. Ó ń dùn mí títí dòní, torí pé ẹ̀rù irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ṣì ń mú kí àwọn ìjọba kan máa bo àrùn mọ́lẹ̀.

Ta ló rí fáírọ́ọ̀sì 1918, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n nígbà náà?

Lóòótọ́, àwọn dókítà 1918 ò mọ ohun tó ń pa èèyàn. Bakitéríà kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń dá lẹ́bi. Ọdún 1933 ni wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì gágá lára èèyàn, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti èyí tó jà ní 1918 gan-an, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti hú u jáde. Abúlé kan wà ní Alaska tó ń jẹ́ Brevig Mission. Ní oṣù Kọkànlá 1918, láàárín ọjọ́ márùn-ún, gágá pa 72 nínú 80 àgbàlagbà tó wà níbẹ̀. Wọ́n sin gbogbo wọn pọ̀ sínú ilẹ̀ tó dì bíi yìnyín. Ní 1951, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Johan Hultin gbàyè lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé, ó dá iná sórí ilẹ̀ kó lè yọ́, ó gbẹ́ ibẹ̀, ó sì mú díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀fóró àwọn òkú náà lọ sílé àyẹ̀wò. Kò rí fáírọ́ọ̀sì kankan tó jí nínú rẹ̀.

Ọdún 46 kọjá. Ní 1997 Hultin kà pé onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jeffery Taubenberger àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti rí abala àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹran ara sójà kan tí wọ́n ti tọ́jú látọdún 1918. Ó kọ̀wé sí i, ó sì fúnra rẹ̀ tún pa dà sí Brevig Mission, ẹni ọdún 72, tòun ti àlùmọ́gàjí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gé òdòdó lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí ó bá òkú obìnrin kan tí ọ̀rá ara rẹ̀ pọ̀, ọ̀rá náà ni kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹrà. Nígbà tó fi máa di 2005, wọ́n ti ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì 1918 tán pátápátá. Mo máa ń ronú nípa obìnrin yẹn. Bí wọ́n bá ń dán oògùn gágá wò lónìí, ara rẹ̀ wà lára ibi tí a ti kọ́ ohun tí a mọ̀.

Ṣé kónílé-ó-gbélé ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ó ń ṣiṣẹ́ tó bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìlú méjì ní Amẹ́ríkà. Gágá ti wọ Philadelphia láàárín oṣù Kẹsàn-án 1918. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù náà, wọ́n jẹ́ kí ìwọ́de ńlá kan wáyé láti fi kówó ogun jọ, nǹkan bí 200,000 èèyàn sì fún pọ̀ mọ́ra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti wò ó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ibùsùn ti tán nílé ìwòsàn. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa. Ní St. Louis, nǹkan bí ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n rí àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ láàárín aráàlú ni wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa. Lọ́sẹ̀ tí ikú pọ̀ jù lọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, èèyàn 257 ló kú nínú 100,000 ní Philadelphia. 31 ló kú ní St. Louis.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Samoa. Ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Talune gúnlẹ̀ sí Apia ní ìwọ̀ oòrùn Samoa ní ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá 1918 pẹ̀lú àwọn aláìsàn nínú, wọ́n sì jẹ́ kí èèyàn bọ́ sílẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ará erékùṣù náà ló bá a lọ. Ní Samoa tí Amẹ́ríkà ń ṣàkóso, tí kò jìnnà sí wọn, gómìnà John Poyer ò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan gúnlẹ̀ láìyà àwọn tó wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, àwọn ará ìlú pàápàá sì ń ṣọ́ etíkun. Ẹnì kan ṣoṣo ò kú.

Àmọ́ mi ò ní tan yín o. Kónílé-ó-gbélé ń dun èèyàn. Ebi lè pa ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá rí lónìí ló máa jẹ lónìí, ọmọ á sì pàdánù ẹ̀kọ́. Ìjọba tó bá fẹ́ tìlẹ̀kùn mọ́ aráàlú láìronú nípa bí wọ́n ṣe máa jẹun, kò tíì múra sílẹ̀. Erékùṣù nìkan ló sì lè fi ẹnubodè títì lé gágá jìnnà. Níbòmíì, ohun tó ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí gbogbo èèyàn ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ibùsùn àti nọ́ọ̀sì lè kárí.

Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ àjẹsára fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Torí pé inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ tún fáírọ́ọ̀sì náà ṣe kó lè máa dàgbà nínú ẹyin láìṣe jàǹbá. Wọ́n á wá lu ihò bíńtín sára ẹyin tí ọmọ ti ń dì nínú rẹ̀, wọ́n á kán an sí i, wọ́n á dúró kó pọ̀ sí i, wọ́n á fa omi inú rẹ̀, wọ́n á pa fáírọ́ọ̀sì náà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dán an wò, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò. Ẹ fojú inú wo àìmọye mílíọ̀nù ẹyin.

Ní oṣù Kẹrin 1957, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Maurice Hilleman kà á nínú ìwé ìròyìn pé èrò ti kún ilé ìtọ́jú ní Hong Kong, àwọn ìyá tò, wọ́n pọn ọmọ tí ojú wọn ti dá gúdẹ́. Ó mọ ohun tó rí lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì náà ránṣẹ́ sóun, ó rí i pé ara ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn ò mọ̀ ọ́n rí, ló bá fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe abẹ́rẹ́. Ó tún rán wọn létí ohun tí ẹlòmíì ò ní rò: kí wọ́n sọ fáwọn tó ń sin adìyẹ pé kí wọ́n má pa àkùkọ wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lópin àsìkò, torí bí kò bá sí àkùkọ, ẹyin tó lè dọmọ ò ní sí. Nígbà tí àrùn náà fi máa gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, abẹ́rẹ́ ti wà, ó sì tó nǹkan bí 40 mílíọ̀nù kí ọdún náà tó parí. Ẹnì kan tó ka ìwé ìròyìn pẹ̀lú ọkàn ló ṣe é.

Ní 2009, ìyẹn ò ṣeé ṣe. Oṣù Kẹrin ni wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà, oṣù Kẹwàá ni abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tó èèyàn lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àrùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé góńgó. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tálákà ò rí tiwọn títí 2010 fi dé. Wọ́n ti ní ọ̀nà tó yá ju ẹyin lọ báyìí, títí kan ti mRNA tí àrùn Kòrónà sọ di mímọ̀. Àmọ́ abẹ́rẹ́ tó bá yára jáde tó wá jókòó sí ìlú olówó nìkan, àbọ̀ iṣẹ́ ni.

Ta ló ń ṣọ́ ọ fún wa?

Láti 1952 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ẹgbẹ́ ilé àyẹ̀wò gágá. Lónìí, ó wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 120. Ní gbogbo ọdún ni wọ́n ń fi igi tín-ín-rín bọ imú aláìsàn, tí wọ́n ń wo irú H tó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n ń jókòó láti yan irú fáírọ́ọ̀sì tó máa wà nínú abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀. Òfin Ìlera Àgbáyé tún sọ ọ́ di dandan pé kí ìjọba tó bá rí gágá irú tuntun lára èèyàn, ì báà jẹ́ ẹnì kan péré, fi tó àjọ náà létí láàárín wákàtí 24 tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a ò bá sọ fún un, kúrukẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ fún wa gbọ́dọ̀ rí nǹkan gbà pa dà. Ní 2007, Indonéṣíà ní òun ò fi fáírọ́ọ̀sì H5N1 ránṣẹ́ mọ́, torí pé wọ́n ń fi ṣe abẹ́rẹ́ tí agbára àwọn èèyàn òun ò ní ká. Àríyànjiyàn yẹn ló bí àdéhùn 2011: ilé iṣẹ́ tó bá ń jàǹfààní fáírọ́ọ̀sì á yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú abẹ́rẹ́ tàbí oògùn fún àwọn tí kò ní. Tèmi ni pé ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ Indonéṣíà.

Gágá ẹyẹ tí wọ́n ń sọ yìí ńkọ́, ṣé òun ló kàn?

Ó lè jẹ́ òun, ó lè má jẹ́ òun. H5N1 kọ́kọ́ mú èèyàn ní Hong Kong ní 1997: èèyàn 18 ló mú, ó pa mẹ́fà. Ìjọba ní kí wọ́n pa gbogbo adìyẹ tó wà nílùú, ó lé ní mílíọ̀nù kan, àrùn náà sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Láti 2003, ó ti lé ní 900 èèyàn tó mú, nǹkan bí ìdajì wọn ló kú. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló fọwọ́ kan ẹyẹ tó ń ṣàìsàn tàbí èyí tó ti kú. Ní 2024, wọ́n bá a lára màlúù tí wọ́n ń fún wàrà ní Amẹ́ríkà, ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí. Kò tíì máa ràn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín èèyàn. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé òkú ẹyẹ, ẹ má sì mu wàrà tí wọn ò tíì sè.

Bí a bá múra sílẹ̀ tí kò wá dé ńkọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1976, gágá ẹlẹ́dẹ̀ mú àwọn sójà ní Fort Dix ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan kú, ìjọba sì ní kí gbogbo ìlú gba abẹ́rẹ́. Nǹkan bí 45 mílíọ̀nù èèyàn ti gbà á nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń fa àìsàn kan tó ń sọ iṣan di aláìlágbára lára nǹkan bí ẹnì kan nínú 100,000. Àjàkálẹ̀ náà ò wá dé. Wọ́n dá abẹ́rẹ́ náà dúró ní oṣù Kejìlá.

Ṣíṣe abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ ò burú lójú mi. Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ìpinnu kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, wọn ò sì fàyè sílẹ̀ láti tún un gbé yẹ̀ wò. Wọn ì bá ṣe é sínú ìgò, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ fáráàlú pé, "Ohun tá a mọ̀ rèé, ohun tí a ò tíì mọ̀ rèé, a máa pa dà wá sọ fún yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Bí aráàlú bá gba aláṣẹ gbọ́, wọ́n á gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu nígbà tí ewu gidi bá dé.

Ṣé oògùn wà?

Oògùn bí oseltamivir wà, ó sì dáa jù kéèyàn lò ó láàárín wákàtí 48 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Oògùn apabakitéríà ò ran fáírọ́ọ̀sì. Àmọ́ bakitéríà tó máa ń gba ẹ̀yìn gágá wọ ẹ̀dọ̀fóró ló pa ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó kú ní 1918, nígbà tí kò tíì sí pẹnisílìnì, nítorí náà orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ múra sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní in nílẹ̀, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn.

Kí ni kí n ṣe nínú ilé tèmi?

Ẹ gba abẹ́rẹ́ ọdọọdún bó bá wà, pàápàá aboyún, àgbàlagbà, ọmọ kékeré àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ikọ́ fée tàbí àtọ̀gbẹ. Kò dájú pé á dáàbò bò yín lọ́wọ́ gágá tuntun, àmọ́ ẹ ò ní wà lára àwọn tó máa gba ibùsùn lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹ wúkọ́ sínú ìgbọ̀nwọ́, ẹ fọṣẹ fọwọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá má ṣe jáde. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú aláìsàn, tòun ti ìbòmú. Ẹ má fún ọmọdé ní asipirín.

Mo ti jókòó ti ọmọ kan tí gágá mú, lóru, tí mo tẹ́ ọwọ́ sí àyà rẹ̀ tí mò ń ka èémí rẹ̀ pẹ̀lú aago. Lọ́jọ́ kẹrin ibà náà lọ, ó jẹun, a dúpẹ́. Lọ́jọ́ kẹfà ibà tún pa dà, abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí. A ò dúró kílẹ̀ mọ́. Bí ibà bá lọ tó tún pa dà wá, tí èémí bá ń yára, tí ètè bá ń dúdú, tí aláìsàn ò dá èèyàn mọ̀ mọ́ tàbí tí kò tọ̀, ilé ìwòsàn yá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ìjọba wa ti múra sílẹ̀?

Gbogbo orílẹ̀-èdè ló lè kọ ètò sínú ìwé. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àmọ́ arọ ò lè gbọ́n nínú ìwé tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí. Ẹ béèrè ẹni tó ní àṣẹ láti ti ilé ẹ̀kọ́ pa, àti ohun tí àwọn ọmọ tó ń jẹun nílé ẹ̀kọ́ máa jẹ. Ẹ béèrè wákàtí mélòó ló ń gbà kí ohun tí wọ́n gbà nímú aláìsàn ní ìletò tó jìnnà jù tó dé ilé àyẹ̀wò, iye ìgò ọ́síjìn tó kún lónìí, àti bóyá nọ́ọ̀sì ló wà níwájú nínú orúkọ àwọn tó máa kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ dánra wò kẹ́yìn.